Bébà Alátè àti Fèrèsé Mẹ́rìnlélógún

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi jẹun, àwọn àgbà ìjọ wa ní kí n bá yín sọ bí mo ṣe lo ayé mi nídìí ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń san fún wa, kó lọ bi ẹlòmíràn, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Ìlà ni mo mọ̀. Ẹ gbé pátákó àti ọ̀dà àwọ̀ méjì fún mi, n óò fa ìlà kan tí èèrà yóò tọ̀ dé òpin láìṣìnà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó máa pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ, àti bí mo ṣe fi pílásítà ọgbẹ́ lẹ ilé Ọlọ́run lójú.

Ọmọ Ayégbajú-Èkìtì ni mí. Ọdún tí ìjọba kéde ilé-ìwé ọ̀fẹ́ gan-an ni mo ti jáde ìwé mẹ́fà tán, èyí tó fi hàn yín irú orí tí mo gbé wáyé. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì sọ pé kò sí bí iṣu òun ṣe lè ta tó tí yóò gbé mi dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó di ẹrù mi, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, ó fà mí lé Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún.

Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ń kun àwọn ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tó ń gba Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kọjá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín lásán. Kò jẹ́ fi ọ̀dà kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ ṣe ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ni a ń pè é: ọkọ̀ kékeré tí a fi igi gbẹ́, tó gùn tó apá ọmọdé, tó ní táyà, tó ní ilẹ̀kùn, tó sì ní gbogbo ìlà tí ọkọ̀ ńlá yóò ní. Olówó ọkọ̀ yóò gbé ọmọ ọkọ̀ náà relé, yóò fi han àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àna rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò sì jà lórí àwọ̀ títí tí yóò fi sú wọn. Nígbà tí ìjà bá parí, yóò gbé e padà wá pé, "Ọ̀gá, bí ẹ ṣe ṣe ọmọ, ẹ ṣe ìyá bẹ́ẹ̀."

Ìdí ọmọ ọkọ̀ yìí ni ìyà wa wà. Bí ìlà bá yẹ̀ lára ọkọ̀ ńlá, eruku Ọ̀yẹ́ yóò bò ó kó tó dé Ìdó. Ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ̀ lára ọmọ ọkọ̀ tí ìyàwó olówó ọkọ̀ gbé lé itan, ọmọ ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá yóò nàka sí i. Nítorí náà, ọ̀gá wa ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ. Bí o bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ìlà, o kò gbọdọ̀ mí títí ìlà yóò fi parí. Yóò dúró lẹ́yìn rẹ, yóò máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọ létí pé, "Má mí. Má mí. Mo ní má mí." Ìdí nìyí tí gbogbo Ìkọ̀lé fi ń pè é ní Baba Má-Mí. Ó gbọ́ orúkọ náà, kò sì bínú sí i. Lọ́jọ́ kan tí mo mí láàárín ìlà, ó ní kí n gbé ọmọ ọkọ̀ náà lórí yí ọjà ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí n máa ké pé, "Èmi ni mo mí o!" Àwọn ọlọ́jà kò mọ ohun tí mo ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá mi kẹ́dùn.

Òfin kejì ni ti imú. Bí ọ̀dà kò bá gbẹ dáadáa, o kò gbọdọ̀ fi òmíràn lé e. Ọ̀gá wa ní ìka oníṣẹ́ ọ̀dà ti yi jù, kò lè mọ ohun tó tutù mọ́. Imú ni a gbọ́dọ̀ fi kàn án. Bí o bá sọ fún un pé ọ̀dà ti gbẹ, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi ọ́:

"Umú rẹ dà?"

Ìwọ yóò gbé imú sókè kó wò ó. Bí ó bá rí ọ̀dà níbẹ̀, o di ẹni tí ń jókòó ti ọmọ ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì láti máa lé eṣinṣin. Èmi àti Súlè, ọmọ Ọ̀tùn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ni a máa ń rìn ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú imú pupa lónìí, imú búlúù lọ́la. Ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́ràn nínú ẹgbẹ́ akọrin bi mí léèrè bóyá àìsàn ìdílé wa ni. Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ ni. Ó ní irú iṣẹ́ wo ló ń kun imú, ó sì lọ fẹ́ tísà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra téèpù ọ̀dà nínú ṣọ́ọ̀bù lónìí, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látọjọ́. Bí àwọ̀ méjì bá máa pàdé lára ọmọ ọkọ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni a ń gé tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi ògì tí a rò ki lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀dà kàn. Bí ọ̀dà bá gbẹ, a ó fi omi rin ìwé náà kúrò. Ó máa ń ṣiṣẹ́, bí ewúrẹ́ kò bá gbọ́. Ìyá Wúrà, ìyàwó ọ̀gá wa, ní ewúrẹ́ dúdú kan tó mọ òórùn ògì ju ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú lọ. Ó jẹ ìwé ìròyìn lára ọmọ ọkọ̀ mẹ́ta ní ọdún kan ṣoṣo, ó sì lá ọ̀dà tútù mọ́ ọn, irungbọ̀n rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí a fẹjọ́ sun Ìyá Wúrà, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fi oúnjẹ lẹ ọkọ̀ lára, àbí ewúrẹ́ mi ni?"

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ọdún márùn-ún mi pé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò l'Ékòó, fi nǹkan kan rán awakọ̀ sí mi. Ó wé mọ́ra bí òṣùká kékeré, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bébà ni lóde, àtè ni nínú. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí mo bá fà á já, tí mo lẹ̀ ẹ́, tí mo fi èékánná tẹ etí rẹ̀ dáadáa, ọ̀dà kò ní lè gba abẹ́ rẹ̀, àti pé bí mo bá ń ṣí i, kí n ká a padà lé ara rẹ̀, kí n rọra fà á. Ní wákàtí kan, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Bébà alátè ni wọ́n sọ ọ́. Ẹnìkan fẹ́ lẹ ìwé orin tó ya, òmíràn fẹ́ lẹ igbá tó ń jò, ìyá àgbàlagbà kan sì bẹ̀ mí kí n fi díẹ̀ lẹ ẹnu ọkọ òun.

Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jù ú padà sí mi láyà.

"Dáníẹ́lì, ọwọ́ tí kò lè dúró ló ń wá ohun tí yóò dì í mú. Uṣẹ́ ọ̀lẹ ni yì. Mè é fẹ́ rí i lára ulà kankan nínú ulé mi."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbọ́. Mo tọ́jú bébà alátè sínú àpótí mi. Ìgbà tí ọ̀gá bá lọ sóko ni mo máa ń yọ ọ́, tí mo máa ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, tí mo máa ń fi bíléèdì gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí mo sì ń fi kọ́ ìlà lára ọmọ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Kò sí ewúrẹ́ tó wo ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ rántí pé ọdún márùn-ún ni ìyá mi sọ. Ọdún márùn-ún pé, ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ òmìnira. Mo bi í. Ó ní kí n ṣì fara balẹ̀, pé ìlà mi kò tíì pọ́n. Oṣù ń gorí oṣù. Ìlà mi sì dára! Èmi ni mo ń fa gbogbo ìlà tó ń jáde nílé náà, torí ọ̀gá ti sọ pé òun kò ní fa ìlà fún ọ̀dọ́kùnrin tó lápá mọ́, kí a máa fà á kí a lè mọ̀ ọ́n. Yóò jókòó, yóò ti ọwọ́ bọ àpò, yóò máa pàṣẹ. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fún Nàìjíríà lómìnira, wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ife. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Orílẹ̀-èdè odidi gba òmìnira, èmi tí mo kàn fẹ́ máa kun ọkọ̀ kò rí i gbà.

Ìyá mi wá láti Ayégbajú, ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. Bóyá ìyẹn ló mú ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìjọ wa fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, bíṣọ́ọ̀bù yóò wá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́. Káfíńtà ìjọ ti fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, kí àwọn ènìyàn lè rí ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún: ògiri funfun, òrùlé pupa, àti fèrèsé búlúù mẹ́rìnlélógún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ. Mẹ́sàn-án wà lápá ọ̀tún, mẹ́sàn-án lápá òsì, mẹ́fà sì wà lójú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ilẹ̀kùn wà. Ọ̀gá gbé e ka iwájú mi.

"Uṣẹ́ òmìnira rẹ rè é. Bí bíṣọ́ọ̀bù bá gbà á lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́jọ́ Ajé n óò tú ọ sílẹ̀. Bí o bá bà á jẹ́, ọdún kan sí i."

Ọdún kan sí i! Ìyá mi ti sọ fún gbogbo Ayégbajú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àkùkọ kan nítorí ọjọ́ Ajé náà.

Fèrèsé mẹ́rìnlélógún, igun mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí èémí ẹ̀dá tó lè fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ tán kó má dákú. Mo dúró kí ọ̀gá jáde, mo yọ bébà alátè mi. Apá ọ̀tún parí, ó dára débi pé Súlè fi ọwọ́ bo ẹnu. Apá òsì parí. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku ojú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí àpótí mi, kò sí bébà alátè níbẹ̀ mọ́.

Tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń rí i pé ó ń dínkù ju bí mo ṣe ń lò ó lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú mi ni. Wàyí o, ó lọ pátápátá. Mo mú Súlè lọ́rùn aṣọ. Ó fi Kùránì búra, ó tún fi Bíbélì búra kún un fún ìdánilójú. Mo lọ bá Ìyá Wúrà, ó lé mi jáde ní ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn. Mo wá mú ewúrẹ́, mo la ẹnu rẹ̀, mo fi ìka wá abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ó gé mi jẹ. Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ń wò mí.

"Kí lò ń wá lẹ́nu ewúrẹ́?"

"Kò sí o, Bàbá. Mo kàn ń wo eyín rẹ̀ ni."

Ó wò mí títí, ó sì yí padà lọ.

Ìka tí ewúrẹ́ gé jẹ yìí ló kó bá mi. Mo gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì, bàbá olóògùn fọ̀ ọ́, ó sì fi pílásítà lẹ̀ ẹ́. Mo wo pílásítà náà. Bébà kọ́, aṣọ ni, ṣùgbọ́n àtè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí òmùgọ̀ ti ń wọlé sí ènìyàn lára ni ibi tó ti ń rò pé òun gbọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi sí i." Ó ní ọgbẹ́ mélòó ni mo ní. Mo ní mẹ́fà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan. Ó wojú mi bóyá ibà ti gun orí mi, ṣùgbọ́n ó fún mi.

Mo lẹ pílásítà yí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká, mo kun búlúù sí àárín wọn. Katikíìsì wá wò ó nírọ̀lẹ́, ó rí ojú ṣọ́ọ̀ṣì tí pílásítà bò.

"Dáníẹ́lì, kí ló ṣe ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé ó ṣubú ni?"

"Rárá sà. Yóò yá kó tó di Ìsinmi."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fi imú kàn án, ó ti gbẹ. Mo ká etí pílásítà padà bí lẹ́tà Èkó ṣe wí, mo fà á. Kò ṣí. Mo fà á díẹ̀ sí i. Ó ṣí, ṣùgbọ́n kò ṣí lóun nìkan. Ọ̀dà funfun tẹ̀lé e, èérún igi tẹ̀lé ọ̀dà. Mo rò pé èyí àkọ́kọ́ ni orí rẹ̀ burú, mo fa èkejì, mo fa ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo fà á tán, ojú ilé Ọlọ́run dàbí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún. Mo ti lé lógún ọdún, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Kì í ṣe ọdún kan sí i nìkan ni mo ń sun. Àkùkọ ìyá mi ni mo ń rò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ ṣe bá mi. Mo rò pé yóò na igi sí mi. Ó wo ojú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú pílásítà kan nílẹ̀, ó tún wo ìka mi.

"Dọ́kítà lo gbà wá ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò fi lo ti Èkó?"

Ó mọ̀! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ pé òun ni mo fi ṣe apá ọ̀tún àti òsì, pé olè ti jí i, kó dárí jì mí. Ó pe Súlè pé kó kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì lọ fọ̀ lódò, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó mú ọmọ ọkọ̀ kan jáde tí n kò rí rí. Ìlà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, pupa, funfun àti búlúù, wọ́n gún régérégé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló yọ ṣùkù àgbàdo kan, bébà alátè mi sì wà lára ṣùkù náà, ó wé e jẹ́jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ti la ẹnu ewúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn àpótí ọ̀gá mi. Inú bí mi, n kò ní parọ́. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin!"

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lápò, ó nà án síwájú mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, méjèèjì jọ ń gbọ̀n.

"Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta," ló wí. "Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún afa-ulà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Mo rí i bí o ṣe ń fi bébà yẹn fa ulà nígbà tí o rò pé mo lọ sóko. Mo ní kí n dán an wò. Ọmọ mi, ó dì mí mú."

Ó wá jẹ́wọ́ ìyókù. Ìlà mi ti pọ́n tipẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni àṣà òmìnira ilé wa. Lọ́jọ́ òmìnira, lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọmọṣẹ́ sára àpótí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Àpótí tí kò bá ní orúkọ tí ọ̀gá kọ, kò sẹ́ni tí yóò gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín. Bí ó bá tú mi sílẹ̀, gbogbo Ìkọ̀lé yóò rí ọwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi ṣáájú mi.

Mo káàánú rẹ̀, mo sì tún ń bínú, àwọn méjèèjì ń jà nínú mi. Ó wò mí.

"Gbé sáńpépà. A ò ní àkókò."

Àwa méjèèjì ló ṣe ojú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi dán, a kun funfun, a gbé e sínú ọyẹ́ àti oòrùn, imú mi sọ nígbà tó gbẹ. Mo lẹ bébà alátè, mo fẹ́ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ búlúù, ó di ọwọ́ mi mú.

"Dúró. Kọ́kọ́ fi funfun kun etí bébà náà. Ibi tí yóò bá jò, funfun ni yóò jò sí, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Bó bá gbẹ, kó o wá kun búlúù."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọkùnrin tó ń bú bébà náà kiri ìlú ló mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ará Èkó tó mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ní àárọ̀ Ìsinmi, a ṣí bébà kúrò, fèrèsé mẹ́fà jáde bí ìgbà tí a fi abẹ gé e. Káfíńtà gbé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lérí, àwọn akọrin ń kọrin tẹ̀lé e. Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ba, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ta ló fa irú ìlà yìí. Ọ̀gá mi ní, "Dáníẹ́lì, ọmọ mi." Inú bíṣọ́ọ̀bù dùn, ó nawọ́ tọ́ fèrèsé kan wò. A kò tíì fi imú kan ti ìsàlẹ̀ yẹn! Àtàǹpàkò bíṣọ́ọ̀bù di búlúù, kò sì mọ̀. Ó fi súre fún àwọn ọmọdé tó tò níwájú rẹ̀, gbogbo wọn jáde pẹ̀lú àmì búlúù lórí. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò rí àmì gbà bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n padà sórí ìlà. Ọ̀gá mi wo imú mi, mo wo bàtà mi.

Kí n tó sọ ti ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ kí n yára gbé yín gba ìyókù ayé mi kọjá, torí kò gùn. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ọ̀yẹ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ọkọ̀ onípákó ti ń dínkù, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọ̀dà dé, mo kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán tí a kàn ń lẹ̀ dé, mo bú wọn fún ọdún kan, mo wá kọ́ ìyẹn náà. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn. Ṣùgbọ́n n kò fi ọmọ ọkọ̀ ṣíṣe sílẹ̀. Àwọn ilé-ìwé ń gbé e, àwọn ọmọ wa tó ń bẹ lókè òkun ń gbé e lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sílé. Ọmọṣẹ́ mọ́kànlá ni mo kọ́, mo kọ́ wọn ní ọwọ́, mo kọ́ wọn ní téèpù, mo sì fi imú kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé èwo ni iṣẹ́ gidi nínú ọwọ́ àti téèpù, ẹ dákẹ́ ná.

Lọ́jọ́ Ajé náà, ìyá mi àti àwọn ará Ayégbajú kún iwájú ilé. Àkùkọ ti wà nínú ọbẹ̀. Wọ́n gbé àpótí iṣẹ́ mi tuntun síta, mo ti kun ún ní dúdú. Mo sún mọ́ ọ̀gá, mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi nínú ilé, pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó ní, "Àṣà ni." Ó yọ ọwọ́ méjèèjì lápò lójú gbogbo ènìyàn.

Wọ́n rí i. Ariwo sọ, ó sì rọlẹ̀. Ìyá Wúrà ká ọwọ́ lérí. Ọ̀gá mi na ṣùkù àgbàdo náà sókè.

"Ẹ̀yin ará ùlú, mo pe èyí ní uṣẹ́ ọ̀lẹ. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ mi yì ló mú un wọ ulé mi. Dáníẹ́lì, wá bá mi dì í."

Mo di orí kan, ó di orí kejì, a lẹ bébà alátè méjì sí abẹ́ ibi tí orúkọ yóò wà. Ó kun funfun sí àárín wọn, a ṣí i, ìlà náà gún. Ẹ lè wá wò ó nílé mi, àpótí náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe ń fi bébà alátè kọ lẹ́tà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún ti orúkọ, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbé e lé pátákó bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́. Èkejì wọ́ jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó wúkọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Súlè pàápàá di ẹnu ewúrẹ́ mú. Ó kọ ọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, títí ó fi dé lẹ́tà tó kẹ́yìn, mo sì ń wo ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni pé ojú mi lè bá a dì í mú.

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò. Ó wojú mi, ó sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́fà.

"Ó ti tán, ọmọ mi," ni Baba Má-Mí wí. "Mí."